Eérú tó gba ata mi là náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ixora mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè Yorùbá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń pàtẹ sẹ́bàá Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní nǹkan ọ̀gbìn inú ìkòkò tí ewé rẹ̀ bá ti ń pọ́n, ká sáà da eérú sí i, pé kò sí ohun tí eérú ń bàjẹ́. Ó dá mi lójú pé inúure ló fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ohun tí ojú mi sì rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn má baà rí irú rẹ̀.

Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwé girama kan nínú ìlú yìí. N kì í ṣe tíṣà. Èmi ni mo ń fọ ìgò, tí mo ń to kẹ́míkà sórí tábìlì kí olùkọ́ tó wọlé, tí mo sì ń kó gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ìyá Láàbù ni wọ́n ń pè mí, mo ṣì ń gbọ́ ọ lójú títì títí dòní lẹ́nu àwọn tó ti di bàbá ọmọ. Ilé tí mo ń gbé ní Òkè-Àró, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ gbogbo àgbàlá rẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè ki ọkọ́ bọ̀. Nítorí náà inú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì ni mo ń gbin nǹkan sí: ata rodo, efinrin, ewúro, àti igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó wà nínú ìdajì dúrọ́ọ̀mù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní ixora, méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ọmọ mi obìnrin ló rà wọ́n fún mi lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n fi ilé tó dáa ta wọ́n lọ́rẹ. Mo ra ìkòkò sìmẹ́ńtì méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ ọ́n lẹ́bàá títì. Ìkòkò náà rẹwà, wọ́n ya òdòdó sí i lára, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin méjì fi ní láti gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹni tó tà á fún mi ò sọ ju pé kò ní fọ́ títí ayé. Mo kó erùpẹ̀ dúdú sí i, mo gbin ixora sí i, mo ń bomi rin ín láràárọ̀. Nígbà tó tó bí oṣù méjì, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe pọ́n, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ewé ìsàlẹ̀, àwọn àgbà, dúdú mìnìjọ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn ọ̀jẹ̀lẹ́ tó ń yọ lókè ni wọ́n pọ́n bí ìyeyè, ṣùgbọ́n gbogbo iṣan inú wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí àwọ̀n apẹja tí wọ́n tẹ́ sórí iyanrìn. Bí mo bá gbé ewé kan sókè síhà oòrùn, mo lè ka iṣan náà níkọ̀ọ̀kan.

Ará ilé wa kan tó ń dáko lọ́nà Ìdànrè wò ó, ó ní, "Mọ́mì, ebi ló ń pa á." Mo bu ajílẹ̀ NPK 15-15-15, ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, etí ewé ti gbẹ, ó rún wómúwómú lábẹ́ ìka mi bí ẹni fi iná ra á. Ẹlòmíràn wá ní eérú ni kí n lò. Ìyá tó ń din àkàrà ní ìkóríta wa fún mi ní eérú igi ìdáná rẹ̀, agolo wàrà ńlá kan, mo pín in sí méjì, mo da ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdí igi. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọ̀jẹ̀lẹ́ tó ń pọ́n tẹ́lẹ̀ fi wá funfun, tí iṣan inú wọn pàápàá ń parẹ́. Òdòdó tó ti yọ orí já bọ́ láìlà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wò wọ́n, ọkàn mi bàjẹ́. Ni ọwọ́ mi bá kan ara ìkòkò. Nǹkan funfun kan ti yọ jáde lára rẹ̀ níta, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹfun. Mo fi èékánná họ ọ́, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ara mi sì bù mọ́ mi. Ohun tí mo ti ń fọ̀ kúrò nídìí ìgò fún ọdún 27 nìyí! Láìmù ni, kẹ́míkà funfun tó jọ ẹfun, kì í ṣe ọsàn o. Inú sìmẹ́ńtì ló ti wá. Gbogbo omi tí mo ń bù sí ìkòkò yẹn láràárọ̀, ńṣe ló ń fọ láìmù lára ìkòkò tuntun sí gbòǹgbò igi. Èmi náà wá tún fi eérú lé e.

Nílẹ̀ ọjọ́ kejì mo lọ ra bébà pH, bébà tó ń yí àwọ̀ padà láti fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà. Mo bu erùpẹ̀ ṣíbí ìjẹun méjì nínú ìkòkò, kì í ṣe ti òkè téńté, mo kọ́kọ́ wa ìwọ̀n ìka kan kúrò. Mo dà á sínú ife tó mọ́, mo fi dísítíìlì wọ́tà ṣíbí mẹ́rin pò ó. Dísítíìlì wọ́tà yìí ni àwọn awakọ̀ ń rà sí bátìrì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má ta ásíìdì bátìrì fún yín dípò rẹ̀ o, torí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí. Mo fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó silẹ̀, mo wá ti ẹnu bébà bọ omi òkè rẹ̀, mo fi í wé àwọ̀ tó wà lára páálí. 8 ni. Ìkòkò kejì náà, 8. Mo ní kí n kúkú yẹ gbogbo ohun tí mo gbìn wò. Efinrin wà láàárín 6 sí 7. Ata rodo, tó ti wà nínú erùpẹ̀ kan náà fún ọdún mẹ́ta, tí mo máa ń fún ní ajílẹ̀ yúríà nígbàkígbà tí mo bá ti rántí rẹ̀, 5 péré ló wà.

Ìyá kan lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ni 8, kí ni 5. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ láàbù nìyí: gbogbo ohun tó bá ti lómi nínú ní ibi tó fì sí. Àwọn kan fì síhà ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n kan. Àwọn kan fì síhà kán-ún, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi eérú àti ọṣẹ dúdú. Òǹkà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń pè ní pH, bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14, àárín gbùngbùn rẹ̀ ni 7. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bí 2, omi ògì tó ti kan dáadáa wà nítòsí 4, omi eérú lè kọjá 10. Ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì kan, Søren Sørensen, ló gbé òǹkà yìí kalẹ̀ lọ́dún 1909 ní láàbù ilé iṣẹ́ bíà Carlsberg ní Copenhagen. Olùkọ́ kẹ́mísírì wa fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yẹn, torí gbogbo kíláàsì ló máa ń jí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ bíà. Ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po 10. Ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ju èyí tó wà ní 6 lọ nígbà 10, ó sì kan ju èyí tó wà ní 7 lọ nígbà 100. Láàárín ata mi àti ixora mi, tí wọn ò jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po 1,000. Èmi sì ń da ohun kan náà sí wọn.

Ixora fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, 5 sí 6 ni ara rẹ̀ ti ń yá. Ata, tòmátì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ fẹ́ 6 sí nǹkan bí 6.8. Bí ilẹ̀ bá ti kọjá 7, irin tó wà nínú rẹ̀ á dì mọ́ ilẹ̀, kò ní yọ́ sínú omi, gbòǹgbò ò sì lè mu ohun tí kò yọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ pupa, irin ló sì sọ ọ́ di pupa. Kò sí ibi tí a gbẹ́ nínú ìlú yìí tí a kò ní rí i. Igi mi dúró láàárín irin, àìrí irin jẹ sì ń pa á lọ. NPK tí mo dà sí i kò ní irin nínú, iyọ̀ rẹ̀ ló jó etí ewé. Eérú wá ti irin tó kù mọ́lé pátápátá.

Ti ata ò rí bẹ́ẹ̀. Yúríà tí à ń fún nǹkan ọ̀gbìn, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń yí i padà kí igi tó jẹ ẹ́, ìyípadà yẹn a sì máa sọ ilẹ̀ di kíkan díẹ̀díẹ̀. Omi tí à ń bù sí i náà ń fọ kálísíọ́mù àti magnesium, àwọn tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ kan, lọ láti ihò ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti kan dé 5, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó jẹ́ oúnjẹ igi á há mọ́ ilẹ̀, alumíníọ́mù inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, a sì máa ba orí gbòǹgbò jẹ́. Ata mi kò pọ́n, ó kàn ràn ni, ewé rẹ̀ kéré bí ti ewé àjẹ̀kù, ó ń tanná, òdòdó rẹ̀ ń rẹ̀ dànù. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ pé yúríà kò tó o, tí mo ń fi kún un.

Ibí yìí ni eérú ti jẹ́ oògùn. Mo fi ṣíbí ìjẹun méjì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà kọ̀ọ̀kan, mo rò ó pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ òkè, mo bomi rin ín, n kò sì fi yúríà kankan sí i mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bébà fi 6 hàn. Ewé tuntun tó yọ fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po méjì. Ní ìparí oṣù kejì mo já ata kún abọ́ tí mo fi ń gbọn èlùbọ́, mo bù fún ìyá alákàrà tó fún mi ní eérú.

Nítorí náà n kò bá ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn jà. Bí ó bá jẹ́ oko ló ní lọ́kàn, ó sọ òtítọ́ dé ìwọ̀n kan. Òjò wa pọ̀, òjò a sì máa fọ ilẹ̀ di kíkan. Ilẹ̀ oníyanrìn ìhà Òkìtìpupa, níbi tí òjò ti pọ̀ jù tiwa lọ, kan ju ti Àkúrẹ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Àkúrẹ́ níbí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán eérú igi àti èèpo kòkó wò nínú oko, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń ṣe irúgbìn lóore. Àmọ́ oko fẹ̀, òjò ń fọ̀ ọ́, gbòǹgbò lè sá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tó wà nínú ìkòkò kò ní ibi tí yóò sá sí.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ inú ilé wa fi ojú ara wọn rí i, wọ́n sì jẹ́ mẹ́fà. Mo rẹ ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò sínú omi gbígbóná, mo sẹ́ ẹ, mo bù ú wẹ́rẹ́ sínú ife aláwọ̀ díńgí mẹ́rin, mo fi omi là á kó má ki jù. Mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ti àkọ́kọ́, ó pupa fòò. Mo fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sí ìkẹta, mo ń kán omi eérú tí mo ti sẹ́ síbẹ̀, ẹ̀kán kan tẹ̀lé òmíràn. Ó kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ àlùkò, ó ṣe bí aró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ọmọ kékeré àárín wọn pariwo, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Sínú ìkẹrin mo ju èérún sìmẹ́ńtì tí mo fọ́ lára ètè ìkòkò, mo ní kí wọ́n wá wò ó ní àárọ̀. Wọn ò jẹ́ kí n jí kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn mi. Sóbò ife yẹn kò pupa mọ́. Mo ṣáà sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ lèyí, kì í ṣe ohun tí a lè fi wọn ilẹ̀, torí sóbò fúnra rẹ̀ kan, erùpẹ̀ á sì da àwọ̀ rẹ̀ rú. Bébà ni ká fi wọn ilẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì rí bébà rà, kó kọ́kọ́ wo ewé wo ló ń pọ́n. Náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, jẹ́ ohun tí igi lè kó láti ibì kan lọ síbòmíràn. Bí kò bá tó, igi á gbà á lára ewé àgbà fún ewé ọmọ, bí ìyá ṣe ń yọ ẹran inú abọ́ tirẹ̀ fún ọmọ. Nítorí náà ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, gbogbo ojú ewé náà ni yóò sì pọ́n, tiṣantiṣan. Ebi nìyẹn lóòótọ́, ajílẹ̀ ló fẹ́. Irin kì í ṣeé kó báyẹn. Níbi tó bá ti wọ̀ sí, ibẹ̀ ló ń gbé, àwọn àgbà ò lè fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀jẹ̀lẹ́ òkè ló pọ́n tí iṣan rẹ̀ tutù, ẹ má da nǹkan kan sí i o, ẹ yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò ná, ẹ sì wo ohun tó yí i ká. Àwọn ixora tí a gbìn mọ́ ìdí fẹ́ǹsì tuntun máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí èérún sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà dà sílẹ̀ wà lábẹ́ wọn. Omi ìfọṣọ tí a máa ń dà sí ìdí nǹkan ọ̀gbìn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, ọṣẹ kò yàtọ̀ sí kán-ún. Bí àárín iṣan bá sì pọ́n lára ewé àgbà, kì í ṣe ọmọ, magnesium ló ń fẹ́.

Ní ti fífún wọn lóúnjẹ, ẹ̀kúnwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n inú ìkòkò. Nínú NPK 15-15-15, ìdá 15 nínú 100 ni náítírójìn. Ìyókù kì í ṣe oúnjẹ tán, iyọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣíbí tíì kan, tí a fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹnu rẹ̀, ni mo ń pò mọ́ omi lítà márùn-ún, tí mo ń pín fún ìkòkò bíi márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo máa ń kọ́kọ́ fi omi lásán rin ilẹ̀, torí ajílẹ̀ tó bá bá ilẹ̀ gbígbẹ a máa jó gbòǹgbò. Ẹni tó bá ti ṣe àṣejù, tí nǹkan funfun ti ń yọ lójú erùpẹ̀ tí etí ewé sì ń gbẹ, kó da omi tó mọ́ sí i títí tí omi yóò fi máa jáde nídìí, kó tó ìlọ́po méjì ohun tí ìkòkò náà gbà, kó wá sinmi oúnjẹ fún oṣù kan.

Eérú àti yúríà, eérú àti ìgbẹ́ adìẹ tútù: ẹ má pò wọ́n pọ̀ láéláé. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pò wọ́n nínú garawa kan náà. Òórùn tó yọ jáde gún wa nímú títí dé ọpọlọ, bí ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀. Òórùn yẹn gan-an ni náítírójìn tó fi owó rẹ̀ rà, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà láàárín wọn, ó kéré tán. Ìgbẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ ti jẹrà tó oṣù méjì, kó má rùn mọ́, kó tó wọ inú ìkòkò. Eérú náà, kó jẹ́ ti igi nìkan. Eérú ibi tí wọ́n ti sun ọ̀rá àti pákó tí wọ́n kùn ní pẹ́ńtì kò yẹ fún ohun tí a máa jẹ.

Àwọn kan ní kí n máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìdí ixora. Kíkan ọsàn kì í pẹ́ nínú ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Imí-ọjọ́ tí àwọn lékuléja ń tà ló ń ṣe é dáadáa, ìdajì ṣíbí tíì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà, ṣùgbọ́n oṣù ló ń gbà, torí àwọn kòkòrò ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Nínú ìkòkò sìmẹ́ńtì tuntun, ara ìkòkò á máa bà á jẹ́ bó ṣe ń tún un ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi hú ixora méjèèjì. Mo gbọn erùpẹ̀ àtijọ́ kúrò ní gbòǹgbò wọn jẹ́jẹ́, mo sì gbìn wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì tí mo lu ihò sí nídìí. Erùpẹ̀ tuntun tí mo lò, ìdá méjì ilẹ̀ òkè láti oko kòkó, ìdá kan ewé tó ti jẹrà, ìdá kan iyanrìn odò. Bébà fi 6 hàn. Omi òjò ni mo ń gbà pamọ́ fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ewé tuntun yọ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀jẹ̀lẹ́ ixora ṣe máa ń ṣe, mo sì bẹ̀rù, àfi bó ṣe di ọjọ́ kẹrin tó tutù látìdí dé orí. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo sọ fún un.

Ẹ̀bẹ̀ mi, ẹ̀yin Olóòtú: ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń mọ ìkòkò sìmẹ́ńtì pé kí wọ́n máa sọ fún oníbàárà kó kọ́kọ́ fi omi kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó máa da omi náà nù lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, tàbí kó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà sínú rẹ̀ kó tó gbin nǹkan. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, ọ̀rọ̀ kan yìí ló kù. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà nínú ìlú yìí láti ọdún 1981, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ náà wà níbí. Olóko ńlá mọ ọ̀nà débẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Ṣé wọ́n lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún obìnrin tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ata mẹ́rin, kó gbé ife erùpẹ̀ wá, kí wọ́n sọ òǹkà rẹ̀ fún un? Bí ìyẹn bá sì ṣòro, láàbù wà ní ilé ìwé girama. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé erùpẹ̀ ilé wọn wá ní ìdáwọ́lé sáà, kó wọ̀n ọ́n, kó kọ òǹkà náà sínú ìwé, kó gbé e relé fún ìyá rẹ̀. Páálí bébà pH kékeré kan tó kíláàsì odindi. Bí ilé ìwé kan bá fẹ́ ẹni tí yóò fọ ìgò lọ́jọ́ yẹn, èmi yóò wá.

Ìkòkò sìmẹ́ńtì méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn ilé wa, omi kún inú wọn. Mo ti da omi wọn nù nígbà mẹ́jọ. Ti àkọ́kọ́ fi 10 hàn, ti àná fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 8. Bí ó bá ti dúró ní 7 fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, ewúro ni mo fẹ́ gbìn sí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Láàbù,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.